Ìkànnì ayélujára fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú: kí ni ó yẹ kí á ṣe kí á tó san owó?

Akọ̀wé Ìlú (Èkìtì) béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Èkìtì, ìlú tí kò tóbi, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká sí Adó, Àkúrẹ́, Èkó, Àbújá, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Nínú ìpàdé gbogbogbòò wa tó kọjá ni a ti fẹnu kò pé kí ìlú ní ìkànnì tirẹ̀ lórí ayélujára kí Ọjọ́ Ìlú tó dé nínú oṣù Kejìlá, wọ́n sì fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò rí sí i.

Ojú ewé Facebook kan àti àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp ni a ń lò títí di ìsinsìnyí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìlú, tó sì mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti kọ ìwé ìdíyelé wá fún wa. Ó ní òun yóò ṣe ìkànnì tí ìtàn ìlú yóò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oríkì, orúkọ gbogbo ọba tó ti jẹ, àwòrán àwọn ìjòyè, orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ nílé àti lókè òkun, iye tí oníkálukú dá sí kíkọ́ gbọ̀ngàn ìlú, gbàgede tí àwọn ènìyàn yóò ti máa jíròrò, àti ibi tí wọn yóò ti máa fi káàdì báńkì san owó. Ó tún ní òun yóò fi orúkọ àti ímeèlì ara òun gba orúkọ ìkànnì náà, ìyẹn àdírẹ́sì tí ènìyàn yóò máa tẹ̀ kí ó tó ṣí, kí iṣẹ́ lè tètè yá. Inú àwọn àgbà dùn sí gbogbo rẹ̀. Èmi nìkan ni ara ń fu, n kò sì fẹ́ kí wọ́n wí pé akọ̀wé ló ń fa ìlú sẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Ṣé Facebook kò tó fún ẹgbẹ́ bíi tiwa ni? Bí kò bá tó, kí ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ gbé sórí ìkànnì, kí sì ni ó yẹ kí á fi sílẹ̀? Ta ni ó yẹ kí orúkọ ìkànnì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ilé ọba mẹ́ta ni a ní, ẹnu wọn kò sì kò lórí ẹni tó tẹ ìlú dó. Báwo ni a ó ṣe kọ ìtàn tí kò ní dá ìjà sílẹ̀? Lákòótán, ṣé Yorùbá ni kí á fi kọ ọ́ tàbí Gẹ̀ẹ́sì?

Ayọ̀délé (Ìbàdàn) dáhùn pé:

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Iṣẹ́ ìkànnì ni mo fi ń jẹun, mo sì ti bá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ṣe irú èyí rí. Ìbéèrè yín nípa ẹni tí orúkọ ìkànnì yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun ni ó ṣòro jù láti tún ṣe bí ó bá ti wọ́. Bí ojú ewé kan kò bá dára, a lè tún un kọ. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá wu kábíyèsí, a lè pa á dà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

A kì í ra orúkọ ìkànnì pa. Owó rẹ̀ ni à ń san lọ́dọọdún, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ń tà á mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ẹbí bá dáwó jọ ra ilẹ̀, tí wọ́n sì kọ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo sínú ìwé rẹ̀. Ọmọ yín lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè lọ sí ìdálẹ̀ kí a má rí i mọ́, ó lè bá ẹgbẹ́ jà, ímeèlì rẹ̀ sì lè bọ́ sọ́wọ́ olè. Bí ẹgbẹ́ yín bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí yẹn gan-an ni kí ẹ fi gba orúkọ ìkànnì. Ẹ ṣí ímeèlì kan fún ipò akọ̀wé, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, kí ẹ fi òun forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kí ó máa béèrè nọ́ńbà àṣírí kejì lẹ́yìn páásìwọ́ọ̀dù kí ó tó ṣí. Kí páásìwọ́ọ̀dù náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, akápò àti ẹnìkan ní ẹ̀ka òkè òkun. Nígbà tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ bá sì pààrọ̀, kí wọ́n fi í lé àwọn tuntun lọ́wọ́ pọ̀ mọ́ ìwé báńkì.

Ní Nàìjíríà, NiRA ni ó ń bójú tó àwọn orúkọ tó parí pẹ̀lú .ng, ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fún ní àṣẹ ni a sì ti ń gbà wọ́n. Ìparí .org.ng ni ó bá ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò mu jù. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ san owó ọdún bíi mẹ́ta papọ̀, nítorí pé ìgbàgbé ni mo ti rí tó ń pa ìkànnì ẹgbẹ́ jù. Ẹ wo àwọn orúkọ tó parí pẹ̀lú .com: bí ọjọ́ wọn bá pé tí a kò san owó, ilé-iṣẹ́ tó tà wọ́n lè fúnni ní sáà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn èyí ọjọ́ 30 mìíràn wà tí a lè fi owó tó wúwo rà wọ́n padà, bí ìyẹn bá sì kọjá, ẹnikẹ́ni lè gbà wọ́n. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè sọ ọ́ di ìkànnì tẹ́tẹ́, nítorí pé Google ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọ ilé-ìwé tó ń wá oríkì kábíyèsí yín, tó wá bá tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù pàdé níbẹ̀.

Ní ti Facebook, ẹ má pa á tì, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn yín wà. Àmọ́ ohun tí a bá gbé síbẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ wa. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri àgbáyé. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà nínú oṣù Kẹfà, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Yahoo pa GeoCities rẹ́ ní ọdún 2009, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti kọ́ ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Google ti Google+ pa ní ọdún 2019, ọdún yẹn náà sì ni MySpace kéde pé orin, fídíò àti àwòrán tí àwọn ènìyàn ti gbé sọ́dọ̀ àwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ti ṣòfò nígbà tí àwọn ń kó wọn láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí lè wà lórí Facebook. Àkọsílẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ yín rí ní ogún ọdún sí i ni ó nílò ibi tirẹ̀.

Kí ẹ tó pinnu ohun tí yóò wà nínú rẹ̀, ẹ kọ gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ pe akọ̀wé lórí fóònù sílẹ̀: ọjọ́ wo ni Ọjọ́ Ìlú bọ́ sí, báwo ni ọmọ mi ṣe lè rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ẹgbẹ́ gbà, níbo ni kíkọ́ gbọ̀ngàn dé dúró, ta ni mo lè bá sọ̀rọ̀ nípa ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú? Ojú ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà tó dáhùn ìwọ̀nyí dáadáa ju ogún tó ṣófo lọ. Gbàgede ìjíròrò yẹn, ẹ fa igi lé e. WhatsApp ti ń ṣe iṣẹ́ náà, gbàgede tí kò bá sì ní olùṣọ́ kì í pẹ́ kún fún ìpolówó àwọn oníjìbìtì. Ẹ sì sọ fún ọ̀dọ́kùnrin náà pé fóònù tí owó rẹ̀ kò pọ̀, lórí nẹ́tíwọ̀kì tí kò lágbára, ni kí ó fi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Àwòrán kan láti inú fóònù òde òní lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó sì ṣeé dín kù sí kìlóbáìtì 200 kí ojú má sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ kò ní dúró de àwòrán ìjòyè méjìlá.

Ìyá Kẹ́mi (Lọ́ńdọ̀nù) dáhùn pé:

Akọ̀wé, mo kí yín. Èmi ni akápò ẹ̀ka ẹgbẹ́ ìlú wa níbí, mo sì bẹ̀ yín, bí ẹ kò bá gba ìmọ̀ràn mìíràn lọ́wọ́ mi, ẹ yọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kúrò nínú ètò yẹn pátápátá.

Olè orí ayélujára kò nílò ju irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú tí mo ti wá, wọ́n gbé orúkọ àwọn tó dáwó sórí ayélujára láti fi yìn wọ́n. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ìyá àgbà lórí fóònù, ó ń dárúkọ àwọn ọmọ wọn tó wà níbí, ó mọ iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá, ó sì ní wọ́n ti dá ọmọ náà dúró ní pápákọ̀ òfurufú, pé kí wọ́n tètè wá owó ránṣẹ́. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́ ni pé gbogbo ohun tó sọ nípa ẹbí wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wá ro ti àwọn ajínigbé nílé. Ẹni tó bá rí i pé lágbájá dá mílíọ̀nù kan, tó sì rí àdírẹ́sì bàbá rẹ̀ ní abẹ́ orúkọ náà, kí ni ó tún kù tó ń wá? Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dáwó, ẹ kà á sétí ìlú ní Ọjọ́ Ìlú. Lórí ìkànnì, àpapọ̀ iye tó wọlé àti ohun tí ẹ fi ṣe ti tó, ìyẹn gan-an ni àwa tí a wà lókè òkun sì ń fẹ́ rí.

Òfin pàápàá ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, àjọ kan sì wà tó ń rí sí i. Ó wà nínú òfin náà pé a gbọ́dọ̀ ní ìdí tó bófin mu kí a tó kó ìsọfúnni ènìyàn jọ, pé ẹni tó ni ín lè ní kí a yọ ọ́ kúrò, àti pé bí ìsọfúnni tí a kó jọ bá bọ́ sọ́wọ́ olè lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára, a gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ náà láàárín wákàtí 72. Ẹ̀ka yín tó wà níbí tún wà lábẹ́ òfin ti Bìrìtìkó, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018. Ẹ̀rù kọ́ ni mo fẹ́ dá bà yín. Ohun tí ẹ kò bá kó jọ rárá, kò sí ẹni tó lè jí i lọ́wọ́ yín, nítorí náà, ẹ béèrè ìwọ̀nba tí ẹ nílò.

Àwọn ọmọdé tí ẹ fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ńkọ́? Inú wa máa ń dùn láti gbé àwòrán wọn jáde pẹ̀lú orúkọ wọn, orúkọ ilé-ìwé wọn àti kíláàsì tí wọ́n wà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gba àṣẹ òbí lórí ìwé, kí ẹ lo àwòrán tí wọ́n yà papọ̀, kí ẹ má sì kọ orúkọ sí i. Ẹ tún rántí pé fóònù máa ń kọ ibi tí a ti ya àwòrán mọ́ inú àwòrán náà bí a kò bá pa ètò yẹn; ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi àwòrán ìyá àgbà tó jókòó sí ìloro mọ ilé rẹ̀ gan-an. Kí ọ̀dọ́kùnrin yín fọ ìsọfúnni yẹn kúrò nínú gbogbo àwòrán kí ó tó gbé e jáde.

Ní ti sísan owó, nọ́ńbà àkáǹtì tó wà ní orúkọ ẹgbẹ́ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gbangba pé ẹgbẹ́ kì í fi WhatsApp kéde àkáǹtì tuntun láéláé, kí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ sì máa wo nọ́ńbà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá já wọ inú ìkànnì ẹgbẹ́ yóò yí padà nìyẹn. Nígbà tó bá yá tí ẹ bá fẹ́ gba owó káàdì, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí iṣẹ́ yẹn, bíi Paystack tàbí Flutterwave, ni kí ẹni tó ń sanwó ti tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Nọ́ńbà káàdì kankan kò gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ lórí ìkànnì yín.

Àkànbí (Òṣogbo) dáhùn pé:

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n Ayọ̀délé kọ, n kò sì lè jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wí tèmi. Ìkànnì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí mo ti ṣí wò kò lóǹkà, ohun tí mo sì ń bá nínú èyí tó pọ̀ jù ni ìkíni káàbọ̀ láti ẹnu alága tó ti kúrò lórí oyè, pẹ̀lú ìkéde Ọjọ́ Ìlú ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Owó kọ́ ló wọ́n wọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìmọ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n yàn láti máa kọ̀wé ni. Kí Akọ̀wé tó san kọ́bọ̀, kí ó kọ́kọ́ wá ẹni méjì tí yóò máa kọ nǹkan lóṣooṣù, kí ó sì gba àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá lè mú un wá, kí wọ́n má ṣe ìkànnì rárá, kí wọ́n tún ojú ewé Facebook wọn ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bàbá Tíṣà (Adó-Èkìtì) dáhùn pé:

Akọ̀wé wa, ó dára bí ẹ ti béèrè kí ẹ tó ṣe. Ọ̀rọ̀ ìtàn ìlú ni n ó sọ sí, àwọn ọ̀dọ́ ti dá èyí tó kù lóhùn.

Ìtàn ẹnu àwọn ilé ọba ṣòro nítorí pé oyè wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rántí òfin oyè ti Ìwọ̀ Oòrùn tó jáde ní ọdún 1957. Abẹ́ òfin yẹn ni wọ́n ti ṣe àkọsílẹ̀ ilé tó ń jọba ní ìlú kọ̀ọ̀kan àti bí oyè yóò ṣe máa yí láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń bá ara wọn fa àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn ní kóòtù títí di òní. Bí ìkànnì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ìlú bá kọ ọ́ pé bàbá ńlá ilé kan ni ó tẹ ìlú dó, agbẹjọ́rò yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, yóò sì gbé e síwájú adájọ́ pé ẹnu ìlú gbogbo ni ó ti wá. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹ má kọ ìtàn kan ṣoṣo. Ẹ lọ sí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ gba ohùn àwọn àgbà wọn sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, kí ẹ sì gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìdá ẹjọ́. Bí ẹjọ́ bá ń lọ lọ́wọ́ ní kóòtù, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ kà á kí ẹnikẹ́ni tó rí i, tàbí kí ẹ fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Ẹ rán ẹnìkan lọ sí ilé ìkówèépamọ́sí ti orílẹ̀-èdè tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìròyìn tí àwọn òyìnbó aláṣẹ kọ nípa ọ̀pọ̀ ìlú wa ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940 wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ohun tí wọ́n kọ kò ní àbùkù o. Ẹni tó bá jókòó ti òyìnbó lọ́jọ́ náà ni ìtàn rẹ̀ wọ ìwé, n kò sì mọ ilé tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó ní ọjọ́ àti ọdún nínú, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn ẹnu.

Ní ti oríkì, ẹ gbé ohùn rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó jẹ́ ohùn àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n kì, kí ẹ sì dárúkọ wọn bí wọ́n bá gbà. Àwòrán àtijọ́ tún nílò àṣẹ: lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2022, fọ́tò tí ẹnìkan yà kì í di ti ẹgbẹ́ nítorí pé ó wà lórí Facebook.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀dà pamọ́ ju ibì kan lọ. Ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní ọdún 1897, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọnù sọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé. Johnson kú ní ọdún 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, nígbà tí wọ́n sì tún fi ránṣẹ́ lákòókò Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ọwọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì tẹ ọkọ̀ Appam tó gbé e. Ọdún 1921 ni a tó rí i tẹ̀. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tó kù nílé, a kì bá tí ní ìwé yẹn lónìí. Ohùn àwọn àgbà tí ẹ bá gbà sílẹ̀, kí ọ̀kan wà lórí ìkànnì, kí òmíràn wà nínú ẹ̀rọ ìpamọ́ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí ẹ̀kẹta sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ka òkè òkun.

Ọmọlará (Iléṣà) dáhùn pé:

Iṣẹ́ àtúnṣe ìwé Yorùbá ni mo ń ṣe, nítorí náà èdè ni n ó sọ̀rọ̀ lé. Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́, kí ẹ sì fi Gẹ̀ẹ́sì sí i fún àwọn ọmọ tí a bí sí Houston, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ènìyàn ni ó kọ méjèèjì. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ Google ti ń gbọ́ Yorùbá láti ọdún 2013, ó sì wúlò fún ìkéde kékeré, àmọ́ ẹ fún un ní oríkì kan kí ẹ wo ohun tí yóò sọ nípa àwọn baba ńlá yín.

Àmì ohùn ni ibi tí iṣẹ́ sábà máa ń bàjẹ́ sí. Nígbà kan, oríṣi fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé) kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ́n tirẹ̀ tó fi ń fi àmì sórí lẹ́tà, bí a bá sì gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀, yóò di wúruwùru. Unicode, ìlànà àgbáyé tó fún àwọn lẹ́tà ní nọ́ńbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà mọ̀, ti tán ìṣòro yẹn, àmọ́ ó ku ọ̀kan. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ní láti gbé àmì lé lẹ́tà lórí. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe fún un yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí kékeré dípò rẹ̀. Ẹ fún ọ̀dọ́kùnrin náà ní àwọn ọ̀rọ̀ bíi Ọ̀ṣun, gbọ̀ngàn, àti ẹ̀kọ́, kí ó fi dán fọ́ǹtì wò, nínú àkọlé ńlá àti nínú lẹ́tà kékeré. Noto Sans ti Google gbé irú wọn dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni. Bákan náà, ọ̀rọ̀ kan lè fara jọ ara rẹ̀ lójú wa, kí kọ̀ǹpútà sì kà á sí méjì nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ àmì rẹ̀ yàtọ̀, tí ẹni tó bá ń wá a nínú ìkànnì kò fi ní rí i. Kí ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú kan, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní NFC, kí ó tó fi pamọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì wá nǹkan lórí Google. Ẹ kọ orúkọ ìlú yín pẹ̀lú àmì nínú àkọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà láìní àmì nínú àdírẹ́sì ojú ewé àti níbi àpèjúwe rẹ̀.

Akọ̀wé Ìlú (Èkìtì) dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an, pàápàá jù lọ Bàbá Tíṣà àti Ìyá Kẹ́mi. Mo ti ka àwọn èsì yín sí ìgbìmọ̀ létí. Wọ́n ti gbà pé kí a yọ àkójọ orúkọ àti gbàgede kúrò, wọ́n sì gbà pé orúkọ ẹgbẹ́ ni a ó fi forúkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àkànbí dun àwọn kan, síbẹ̀ a ti yan olùkọ́ méjì láti máa kọ̀wé. Ohun méjì ni ó kù. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí fídíò egúngún wà níbẹ̀, àwọn ọ̀jẹ̀ kan sì ń ráhùn. Èkejì, báwo ni a ó ṣe bá ọ̀dọ́kùnrin wa ṣe àdéhùn kí ó má ba à rò pé a kò fọkàn tán òun?

Bàbá Tíṣà (Adó-Èkìtì) dáhùn pé:

Lórí fídíò egúngún, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ kọ́ ni ẹ ni àṣẹ. Ẹ lọ bá alágbàáà, kí òun àti àwọn ọ̀jẹ̀ fi ohun tó jẹ́ ti ìta gbangba hàn yín, ìyẹn nìkan ni kí ẹ gbé jáde. Ohun tó bá ti wọ ayélujára, ẹlòmíràn ti lè wà á sínú fóònù rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ yọ ọ́, ẹ kò sì ní rí gbogbo rẹ̀ kó padà.

Ayọ̀délé (Ìbàdàn) dáhùn pé:

Bàbá, ẹ ṣeun. Akọ̀wé, ìwé àdéhùn kì í ṣe àìfọkàntán, òun gan-an yóò sì rí ààbò nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ bá ní òun kò mọ ìdí tí a fi san owó. Ẹ pín owó náà sí mẹ́ta: ẹ san ìdá kan nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, ìdá kejì nígbà tí ojú ewé mẹ́fà yẹn bá ṣí lórí fóònù yín, kí ẹ sì di ìdá kẹta mú títí yóò fi kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo ń pè ní kọ́kọ́rọ́ ni páásìwọ́ọ̀dù orúkọ ìkànnì, ti ibi tí wọ́n gbé ìkànnì náà sí, ti WordPress, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ ìkànnì, bí ó bá jẹ́ òun ni ó lò, àti ẹ̀dà gbogbo ìkànnì náà nínú fáìlì kan. Kí ó tó lọ, kí ẹnìkan nínú àwọn olùkọ́ méjì yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìròyìn kan jáde níṣojú rẹ̀, kí ó yí i padà, kí ó sì pa á rẹ́.

Ẹ tún kọ ẹni tí yóò máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀ sínú àdéhùn náà. WordPress kò béèrè owó, ṣùgbọ́n àwọn àfikún tí a ń so mọ́ ọn ni ihò tí àwọn olè ń gbà wọlé bí a kò bá máa sọ wọ́n di tuntun, nítorí náà, bí àfikún bá ṣe kéré tó ni ó ṣe dára tó. Ìwé ẹ̀rí ààbò tó ń jẹ́ kí HTTPS hàn níwájú àdírẹ́sì kò yẹ kí ó wà lára ohun tí ẹ ń san owó ńlá fún. Àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ṣeé ṣètò kí ó máa sọ ara rẹ̀ di tuntun. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé ìdíyelé rẹ̀, ẹ bi í pé kí ni ó fi ń ṣe.

Oṣù Kejìlá kò jìnnà mọ́. Ẹ gba orúkọ ìkànnì náà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹlòmíràn má ba à ṣíwájú yín, kí ẹ gbé ojú ewé kan ṣoṣo síbẹ̀ tó ní ọjọ́ àti ètò Ọjọ́ Ìlú, kí ẹ sì jẹ́ kí ìtàn máa bọ̀ lẹ́yìn.